Tẹ̀sùbáà Rodiyat

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí Hámzàt kò gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró Rodiyat ló dá iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ti rọ́bà bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ẹ̀rọ sì ń bá a mí. Ẹni tí rọ́bà wà lọ́fun rẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀.

Láràárọ̀ ni Hámzàt ń wọ ọkọ̀ ní Òkè-Ìmẹ̀sí, yóò gba Aramọkọ kọjá, yóò wá dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n gbé e sí. Ogójì ọdún ni obìnrin yìí ti ń pè é láti ẹ̀yìnkùlé, “Bàbá Ràhmát!”, tí òun ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ní báyìí, òun gan-an ló ń lọ dúró sí ẹ̀yìnkùlé, tó ń tẹ́tí.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dín agbára ẹ̀rọ náà kù kí Rodiyat lè máa dá mí. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni èémí rẹ̀ ń sáré, tí ẹ̀rọ ń figbe ta. Dókítà ní bí ẹlẹ́ẹ̀kẹta kò bá bọ́ sí i, àwọn yóò dá ihò sí i lọ́rùn, kí ẹ̀rọ máa gba ibẹ̀ bá a mí. Bó bá wá rí bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí yóò tún sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì méjì ló wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án náà: Afọlábí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àti Modúpẹ́, ọmọ Ẹ̀fọ̀n, tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ. Modúpẹ́ fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kúrò nínú rọ́bà, ó gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè, ó dín ẹ̀rọ kù lẹ́ẹ̀kẹta. Kò pẹ́, ẹ̀rọ figbe ta.

“Ẹ jẹ́ ká dá a padà, Mà,” ni Afọlábí wí. “Èémí ti di méjìdínlógójì ní ìṣẹ́jú kan.”

“Ẹ̀rọ lo ń wò. Wo màmá.” Modúpẹ́ tẹ́tí sí àyà Rodiyat. “Àyà mọ́. Ara ń rí atẹ́gùn gbà. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Wo ọwọ́ wọn.”

Àtàńpàkò Rodiyat ń yí lórí ìka rẹ̀, ó ń wá nǹkan.

“Bàbá, kí ni wọ́n ń wá?” ni Modúpẹ́ bi Hámzàt.

“Tẹ̀sùbáà ni.” Hámzàt fọwọ́ kan àpò. “Ó wà lọ́dọ̀ mi. Kò ṣe àlùwàlá láti ọjọ́ tó ti dé ibí. Mo ní kò yẹ kó mú un lọ́wọ́.”

“CAC ni mí, Bàbá, mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ṣé Ọlọ́run ò rí rọ́bà yìí ni?”

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Hámzàt. Ó yọ tẹ̀sùbáà náà lápò. Modúpẹ́ fi oògùn apakòkòrò nù ún, ó fi í sọ́wọ́ Rodiyat.

“Ìyá Ràhmát, ẹ mí sínú. Ẹ rọra mí síta, kẹ́ ẹ fa ọ̀kan. Ẹ má kánjú. Mo wà ńbí,” ni Modúpẹ́ wí.

Ọ̀kan. Òmíràn. Èémí bọ́ sí ọgbọ̀n, ó bọ́ sí méjìlélógún. Ẹ̀rọ dákẹ́. Afọlábí kò wo nọ́ńbà mọ́, ọwọ́ màmá ló ń wò.

Lọ́sàn-án, dókítà wá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì yọ rọ́bà náà.

“Ẹ má sọ̀rọ̀ púpọ̀ lónìí, Mà,” ni Modúpẹ́ wí.

Hámzàt bẹ̀rẹ̀ sún mọ́ ẹnu ìyàwó rẹ̀. Ohùn Rodiyat ti há bí ewé àgbàdo gbígbẹ nígbà tó béèrè ilé.

“Ulé ńkọ́?”

“Ulé wà ńbẹ̀,” ni Hámzàt dáhùn. “Ó dákẹ́ jù.”