Àlàyé Ìlà Mẹ́ta

"Ìyá Ìbejì, yọ ìlà kẹta yẹn kúrò, mo bẹ̀ ọ́." Ohùn Ọ̀gá Onítáì lọ sílẹ̀ kí àwọn yòókù nínú ọ́fíìsì má baà gbọ́.

"Ìlà kẹta, sà? Ṣé irọ́ ni?"

Àkọsílẹ̀ aláìsàn ni iléeṣẹ́ wọn ń bá àwọn ilé ìwòsàn tọ́jú. Fáìlì tó bá wọ kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, wọ́n á ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí adelé, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dúró de ọjọ́ tí èkíní bá dákú. Ọ̀gá Onítáì ló kọ kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé láti ṣe ẹ̀dà náà. Ó kọ àlàyé sórí rẹ̀ fún ẹni tó bá máa lò ó: "Fáìlì tó bá ti wà lórí adelé ti pé. Ẹ fò ó." Ìyá Ìbejì, tó ń fi kóòdù náà ṣe ẹ̀dà lójoojúmọ́, gbà á gbọ́, ó fò ó. Àṣé fáìlì tí ẹ̀dà rẹ̀ já lágbedeméjì náà á wà níbẹ̀, ní ààbọ̀ ara. Lọ́jọ́ tí èkíní dákú, èsì àyẹ̀wò ọjọ́ mẹ́ta dàwátì. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ tí kò bá tirẹ̀ mu sí aboyún kan lára.

Níwájú olùdarí, Ọ̀gá Onítáì ní, "Àìfarabalẹ̀ ni, mà. Mo ti kìlọ̀ fún un." Irọ́ gbuu! Oṣù kan gbáko ni wọ́n ní kí obìnrin náà lọ fi jókòó sílé. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Nígbà tó padà dé, olùdarí ní kó tún àwọn àlàyé inú kóòdù náà ṣe kó yéni. Ó kọ ọ́:

"Fáìlì tó wà lórí adelé lè má pé.
Ẹ fi í wé ti kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ kí ẹ tó fò ó.
Àlàyé tó wà níbí tẹ́lẹ̀ kò tọ̀nà. Òun ló fa ìjàǹbá ogúnjọ́ oṣù kẹta."

Àtúnṣe kankan kò sì lè wọlé àfi bí Ọ̀gá Onítáì bá fọwọ́ sí i.

"Olùdarí á kà á," ni ọkùnrin náà wí.

"Mo mọ̀, sà."

"Bí mo bá kọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ kọ ìdí rẹ̀ sábẹ́ ibẹ̀. Wọ́n á ka ìyẹn náà."

"O ò tiẹ̀ ní àánú lójú."

"Èmi náà wá a lójú yín lọ́jọ́ yẹn, sà. N ò rí i."

Ọkùnrin náà tú táì ọrùn rẹ̀ díẹ̀, ó sì fi ìka kan tẹ bọ́tìnnì ìfọwọ́sí lórí kọ̀ǹpútà. Orúkọ rẹ̀ jáde sábẹ́ ìlà kẹta. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Ìyá Ìbejì fa àga rẹ̀ súnmọ́ tábìlì. Àlàyé mọ́kànlélógójì tí ọkùnrin náà kọ ló ṣì kù nínú kóòdù yẹn. Ó ṣí èyí tó tẹ̀ lé e.