Ọmọ Kan, Bàbá Mẹ́ta

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kọkànlá ọdún 2022, Ìyanuolúwa, àbíkẹ́yìn Dúrósinmí, kú. Ibà ọjọ́ mẹ́rin péré. Ó fi ọmọbìnrin ọlọ́dún márùn-ún kan sílẹ̀, Ẹ̀yẹolúwa. Saifudeen ará Ọ̀yọ́, bàbá ọmọ náà, ti kú ṣáájú. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbá a nígbà tí oyún wà ní oṣù méje.

Nígbà tí wọ́n bí Dúrósinmí, wọ́n fi orúkọ náà bẹ̀ ẹ́ ni, kó lè dúró sin àwọn tó bí i. Ó dúró. Ó sin bàbá, ó sin ìyá, ó sin Rose ìyàwó rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé òun yóò dúró títí òun yóò fi sin ọmọ.

Ó mú Ẹ̀yẹolúwa sọ́dọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kò pẹ́ sí i ni àkọ́bí rẹ̀, Olúwafèyíkẹ́mi, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Kánádà, pè é lórí fóònù.

"Bàbá mi, ẹ jẹ́ kí èmi àti ọkọ mi gbà á ṣe ọmọ."

Bàbá gbà. Ó rò pé ọmọ yóò gba pásípọ́ọ̀tù, yóò wọ bàálù, ọ̀rọ̀ parí. Kò mọ̀ pé kí ènìyàn tó lè gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, ìjọba orílẹ̀-èdè méjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó lé e lórí.

Ọdún méjì gbáko ló fi ń wọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Tákíè lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí gbígba ọmọ tọ́ ní Ọ̀yọ́, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n bí ọmọ náà sí, ibẹ̀ sì ni ẹbí bàbá rẹ̀ wà. Lónìí, ọ̀gá kò sí lórí ìjókòó. Lọ́la, iná kò sí, ẹ̀rọ kò lè tẹ ìwé. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní fọ́tò tó mú wá kò jọ ọmọ náà mọ́, ó ti dàgbà jù ú lọ.

"Ṣé kó dúró dè yín ni?" ni bàbá bi wọ́n. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Òun náà kò rẹ́rìn-ín.

Ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ó ṣubú ní balùwẹ̀. Ẹ̀yẹolúwa tó jẹ́ ọmọ ọdún méje ló sáré lọ pe àwọn aládùúgbò. Lọ́jọ́ kejì, ó kọ̀, kò lọ síléèwé. Ó gbé àpótí sí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, ó jókòó, ó ní òun ń ṣọ́ Bàbá. Láti ọjọ́ yẹn ni bàbá ti mọ̀ pé ọmọ náà gbọ́dọ̀ lọ, kí òun má baà sọ ọ́ di ìyá àgbà ní kékeré.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n pè é láti Ọ̀yọ́. Kánádà ti dá ìwé padà.

Ó bá Mashood, àbúrò Saifudeen, nínú ọ́fíìsì. Iṣẹ́ awọ rírán ni Mashood ń ṣe, èérún awọ sì ṣì wà lára ṣòkòtò rẹ̀. Màdáámù Bushrah, òṣìṣẹ́ tí fáìlì náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, fa àga fún bàbá.

"Ẹ kú ìrìn o, Bàbá. Ẹ jókòó."

"Láti ọdún méjì ni mo ti ń jókòó. Kí ni wọ́n tún wí?"

"Wọ́n ní bàbá ọmọ wà láàyè."

"Ta nìyẹn?"

Màdáámù tẹ ìka mọ́ ìwé tí ẹbí Saifudeen fi yọ̀ǹda ọmọ. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tí ẹni tó buwọ́ lùwé jẹ́ sí ọmọ, Mashood kọ ọ́ gàdàgbà: FATHER.

"Mashood! Ìwọ lo bí i?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ mi náà ni. Tí mo bá kọ nǹkan mìíràn, wọ́n á ní mo ti kọ̀ ọ́ lọ́mọ."

"Uncle ńkọ́? Wọn ò kọ́ ọ ní uncle níléèwé?"

"Uncle kẹ̀? Ẹni tó ń ta káàdì fóònù là ń pè ní uncle, Bàbá."

Inú bí bàbá. "Ọdún méjì! Nítorí ẹnì kan tí kò lè fara balẹ̀ ka fọ́ọ̀mù! Èmi tí mo ka ìwé mẹ́wàá parí, tí n kì í buwọ́ lu ohunkóhun láìkà á lẹ́ẹ̀mejì…"

Màdáámù rọra ṣí ojú ewé kejì. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ èyí?"

Ọwọ́ ìkọ̀wé tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, tí àwọn tíṣà ń yìn nígbà kan. FATHER: Dúrósinmí.

Bàbá fa ìwé náà sún mọ́ ojú.

"Bàbá mẹ́ta ló wà nínú fáìlì yìí," ni Màdáámù wí. "Ọ̀kan wà ní sàréè, méjì jókòó síwájú mi."

Mashood fi fìlà bo ẹnu. "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá ẹgbẹ́ mi."

"Pa ẹnu ẹ dé!" Bàbá kọjú sí Màdáámù. "Kí lẹ fẹ́ kí n kọ? Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́. Èmi ni mò ń mú un lọ síléèwé. Bàbá ló ń pè mí."

"Lẹ́nu wa, bàbá ni yín. Nínú fọ́ọ̀mù, ẹ kì í ṣe bàbá. Kí ẹ̀yin méjèèjì lọ búra ní kóòtù, kí a fi tún un ṣe."

Mashood kọ́kọ́ búra, ó parí kíá. Akọ̀wé kóòtù wá ka ti bàbá sókè: "Èmi, Dúrósinmí, fi Bíbélì búra pé èmi kì í ṣe bàbá Ẹ̀yẹolúwa."

"Ẹ fi 'ṣùgbọ́n' kan sí i," ni bàbá wí.

"Ṣùgbọ́n kí ni, Bàbá?"

Bàbá wo ìwé náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀.

"Kò sí àyè fún ṣùgbọ́n níbẹ̀, sà."

Bàbá di bírò mú. Tó bá dìde, tó lọ wọkọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní bá a wí. Ọmọ yóò wà nílé, yóò máa pè é ní Bàbá. Yóò sì máa jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì bí ìṣe rẹ̀, ó buwọ́ lù ú.

Kánádà gba ìwé náà. Ní oṣù Kẹjọ, Fèyíkẹ́mi wá mú ọmọ. Bàbá sọ fún Ẹ̀yẹolúwa pé kó máa wọ súwẹ́tà, kó má sì máa fi ẹnu ṣí ìdérí ìgò. Ó padà wọlé kí ọkọ̀ tó yí kọ́nà.

Ohun tí Ẹ̀yẹolúwa fi sílẹ̀ nìyí:

Sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì kan.

Ìwé ìṣirò, iṣẹ́ àṣetiléwá méjì tí kò ṣe tán.

Ìborùn ìyá rẹ̀, tó ká sábẹ́ ìrọ̀rí bàbá.

Eyín kan tí wọ́n fi bébà wé, tó ní kí bàbá má tíì jù sórí òrùlé títí òun yóò fi dé.

Àpótí, lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀.

Káàdì èsì ìdánwò mẹ́fà, tí bàbá ti buwọ́ lù níbi tí wọ́n kọ FATHER sí. Wọn kò ní kó lọ tún ìyẹn ṣe.