Ìpàdé Inú Yàrá Ooru

Mo ti kórìíra hòtẹ́ẹ̀lì náà kí ọkọ̀ wa tó dúró. Ehoro ló wá pàdé wa lẹ́nu géètì. Kì í ṣe ehoro gidi o. Àgbàlagbà ọkùnrin kan ni, tó wọ awọ onírun láti orí dé ẹsẹ̀, tó ń jó fún àwọn ọmọ àlejò. Etí rẹ̀ ọ̀tún ti já rí, wọ́n wá fi òwú dúdú gán an mọ́ orí funfun. Télọ̀ ni mí. Mo wo ojú ìránṣọ yẹn, mo pòṣé. Ẹni tó gán etí yẹn, ọ̀tá ehoro ni.

"Ẹ káàbọ̀ síbi tí tọmọ-tìyá ti ń sinmi!" ni ehoro wí. Òógùn ń kán tótó lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀yin náà ẹ lọ sinmi o, jàre."

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kó wa wá. Alága là ń pè é, torí kò síbi tí èèyàn méjì ti lè jókòó tí kò ní fi ara rẹ̀ ṣe alága wọn. Bó bá bá òkúta méjì lójú ọ̀nà, á ní, "Ẹ̀yin ará wa, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀." Ó ní Màámi ti ṣiṣẹ́ tó láyé, ká gbé e lọ sí ìgbèríko kó lọ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ dídùn! Ṣùgbọ́n bí ológbò bá ń fi ìrù nu ojú eku, ó yẹ kí eku bi í pé kí ló dé.

Ohun tó dé nìyí. Alága fẹ́ kí Màámi yọ̀ǹda ilé wa kí wọ́n wó o, kí wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Màámi á kó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi ńkọ́? Inú yàrá iwájú ilé yẹn ni maṣíìnì mi wà. Ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ni mo ń sùn sí láti ìgbà tí ọkọ mi ti rí ẹni tó tín-ínrín jù mí lọ. Bí Màámi bá fi lè ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi àti maṣíìnì di ará títì. Kọngílá tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù náà sì ń bọ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì lọ́sàn-án ọjọ́ kejì láti wá gbọ́ èsì. Ìsinmi tá a wá ṣe nìyẹn.

Ẹ gbọ́ òfin ilé wa kan, torí òun lọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́. Bàbá wa tó ti sùn ló ṣe é. Nígbà tí Alága wà léwe, bí ìpàdé ẹbí ò bá ti lọ síbi tó fẹ́, á fò dìde, á gbá ilẹ̀kùn mọ́ wa lójú, á tún padà wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà látòkè bí ẹni pé kò tíì yé ẹnikẹ́ni. Ó sú Bàbá. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá gbé ìdí kúrò níjòókòó kí Màámi tó pa ìpàdé dé, ohun tí onítọ̀hún ń bèèrè ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí láé.

Torí Alága ni wọ́n ṣe ṣe òfin yẹn. Ta ló wá jàǹfààní rẹ̀? Alága! Nígbà tí à ń pín ẹrù Bàbá, mo gbóòórùn aṣọ oníbàárà tó ń jó lábẹ́ áyọ́ọ̀nù, mo sáré dìde. Alága pàtẹ́wọ́: "Òfin Bàbá!" Bí ọkọ̀ Bàbá ṣe di tirẹ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ yẹn náà ló fi kó wa wá.

Hòtẹ́ẹ̀lì ọ̀hún wá jẹ́ ibi tí wọ́n ń ta ohun tí gbogbo ayé ní lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní ká máa mí. Ọmọbìnrin kan wọ funfun, ó dúró tì wá, ó ń kọ́ wa bá a ṣe ń mí, àwa tá a ti ń mí bọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wa. Wọ́n ní ká máa wo màlúù láti ojú fèrèsé. Mo wò wọ́n. Àwọn náà wò mí, mo sì rí i pé àánú mi ń ṣe wọ́n. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀, omi rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn ọmọdé tó kún inú rẹ̀ pọ̀ débi pé mi ò fẹ́ bèèrè ohun tó mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ká táwẹ́ẹ̀lì bí ẹyẹ. Màámi kí ẹyẹ, ẹyẹ ò dáhùn, Màámi ní wọn ò kọ́ ọ nílé.

Aṣọ funfun onírun wúruwùru ni wọ́n fún wa ká máa wọ̀ kiri. Tèmi ò pa dé níwájú. Ẹni tí kì í jẹun ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó rán an.

Ìyàwó Alága wá gbádùn gbogbo ẹ̀. Ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn dà bí oyin tó kán sáṣọ: ó dùn, àmọ́ ta ló máa fọ̀ ọ́? Òpéléńgẹ́ ló sọ mí, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ṣe ń sọ àbúrò ọkọ lórúkọ. Èmi tó jẹ́ pé bí mo bá gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ẹnu ọ̀nà á mí kanlẹ̀!

"Òpéléńgẹ́ mi," ó ní, "ẹ jẹ́ kí wọ́n fi amọ̀ pa yín lójú, kí awọ yín máa dán."

"Ìyàwó wa, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n nà mí torí mo fi ẹrẹ̀ para. Mo wá dàgbà tán kí n wá fowó ra ẹrẹ̀? Mo ti ya wèrè ni?"

"Ẹ̀gbọ́n yín ló ń sanwó."

"Kí wọ́n bá mi pa ẹsẹ̀ mọ́ ọn."

Ti Màámi ló yàtọ̀. Iwájú ààrò búrẹ́dì ni Màámi ti lo ayé rẹ̀, títí eékún fi ní ó tó. Wọ́n mú un dé ibi adágún, ó ní omi yẹn ò mọ́ ju ọkàn aṣebi lọ. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń wọ́ ara, ó ní, "Ìyẹ̀fun lèmi máa ń pò, ẹnì kan ò ní po èmi." Bó ṣe ń bọ̀ ló ti ilẹ̀kùn onígi kan, ooru sì gbá a lójú pàá. Màámi rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí ọ̀rẹ́ ìgbà èwe.

"Haà! Ẹ sì ń fi èyí pa mọ́ fún mi látàárọ̀!"

Àpótí ni yàrá náà, igi lókè, igi nílẹ̀, bí ẹni fẹ́ di èèyàn ránṣẹ́ sí òkèèrè. Àga gígùn yí ògiri ká. Láàárín, òkúta gbígbóná kún agbọ̀n irin, garawa omi àti ṣíbí onígi gígùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí o bá da omi sórí òkúta, ooru á fò dìde, á gbá ọ létí. Màámi jókòó sí kọ̀rọ̀, ó na ẹsẹ̀, ó ní òun ò lọ síbì kankan mọ́. Ọjọ́ kejì, ibẹ̀ náà ló gbà lọ láti ìdí oúnjẹ àárọ̀.

Alága ti to àga sí ìta, lábẹ́ igi, ó ti ní kí wọ́n gbé tíì wá. Ó wá yọ orí wọ inú yàrá ooru, ó sì yára fà á sẹ́yìn bí ìjàpá.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síta. Atẹ́gùn ń fẹ́ níbẹ̀."

"Atẹ́gùn ń fẹ́ nílé mi náà. Ọ̀rọ̀ tó o bá ní, gbé e wọlé wá."

"Nínú iná yìí?"

"Ṣé o ní ọ̀rọ̀ ni àbí o ò ní?"

Alága wo ojú ọ̀nà. Kọngílá ò ní pẹ́ dé. Ló bá lọ bọ́ aṣọ, ó ró táwẹ́ẹ̀lì, àmọ́ kò bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀. Ó ní alága kì í ṣe ìpàdé lẹ́sẹ̀ lásán. Èmi náà wọlé. Ìyàwó rẹ̀ wọlé tòun ti amọ̀ lójú, ó jókòó ti garawa. Màámi ní, "Ìpàdé ti ṣí." Mo di etí àga mú.

"Ìyá wa ọ̀wọ́n," Alága ní, "àti ẹ̀yin ẹbí mi tòótọ́. Kí n tó wọnú ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́..."

Shìììì! Ìyàwó rẹ̀ ti da omi sórí òkúta.

"Kí nìyẹn?"

"Ó dáa fún awọ ara ni, Olówó orí mi. Ẹ máa sọ̀rọ̀ lọ."

Mo ṣépè fún obìnrin náà nínú. Irú òmùgọ̀ wo rèé? À ń sọ ọ̀rọ̀ ilé, òun ń sọ ti awọ ara! Ooru ti wọ̀ mí nímú, ó ti wọ̀ mí lójú, ó ti dé ibi tí mi ò mọ̀ pé mo ní. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ dìde láì bi mí. Mo rántí maṣíìnì mi, mo tẹ ìdí mọ́lẹ̀.

Alága ṣàlàyé ṣọ́ọ̀bù. Màámi ní kó tún un ṣàlàyé. Ó bi í pé níbo ni àtẹ̀gùn máa wà, kí ni wọ́n máa fi bo òrùlé. Ojú Alága ti pọ́n bí ata, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ń yọ omi. Amọ̀ ojú ìyàwó rẹ̀ ti yọ́ dé ọrùn, ó ń wò wá bí ògiri tí òjò pa. Shìììì!

"Màámi," Alága ń mí hẹlẹhẹlẹ, "ẹ ṣáà ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọ̀rọ̀ ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkánjú, ọmọ mi. Ìyàwó mi, bomi sí i díẹ̀. Òtútù fẹ́ máa mú mi."

Ìyàwó gbé garawa, ó da èyí tó pọ̀ jù nínú omi rẹ̀ sórí òkúta lẹ́ẹ̀kan.

"Yéè! Mo gbé o!"

Alága fò. Etí táwẹ́ẹ̀lì rẹ̀ há sí abẹ́ àga, kò dúró gbà á. Ilẹ̀kùn gbá, bàtà ń dún kò-kò-kò lọ lórí símẹ́ǹtì. Ta ló wà níta? Ehoro àti gbogbo ọmọ hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń jó yípo. Àwọn ọmọ bú sí ẹ̀rín, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní kó tún un ṣe. Wọ́n rò pé ó wà lára eré.

"Òfin Bàbá!" ni mo pariwo. "Òfin Bàbá o!" Inú mi dùn débi pé mo gbéra kí n lọ wo ìran náà.

Ọwọ́ kan fà mí láṣọ padà, pọ́n-ún! Ìdí mi lu igi. Ìyàwó Alága ni.

"Òpéléńgẹ́ mi, ìdí yín! Màámi ò tíì pa ìpàdé dé."

Díẹ̀ báyìí ló kù kí èmi náà pàdánù ẹjọ́ mi torí ìran. Mo wò ó. "Ìwọ... omi tó ò ń dà yẹn..."

"Ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan ni ò fẹ́ kí Màámi kó wá sílé wa?" ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Mo gbọ́ o," ni Màámi wí láti kọ̀rọ̀.

Ìyàwó kúnlẹ̀, tààrà láti orí àga. Ó rántí, ó sáré jókòó padà. "Ẹ má bínú, Màámi!"

"Kí ni màá bínú sí? Èmi náà ò fẹ́ wá. O kì í fi iyọ̀ sọ́bẹ̀."

Mo sì ń fojú òmùgọ̀ wo obìnrin yìí láti ọdún tó ti wọlé wá! Mo fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ ooru ò jẹ́.

"Kò sẹ́ni tó máa wó ilé mi," ni Màámi wí. "Mo ti parí ìyẹn."

"Ẹ ṣé, Màámi! Ó yá, ẹ pa ìpàdé dé."

"Má kánjú, Abẹ́rẹ́." Orúkọ tí Màámi ń pè mí nìyẹn nígbà tó bá fẹ́ gún mi. "Maṣíìnì tìrẹ yẹn. Yàrá iwájú ló wà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ibẹ̀ ni mo fẹ́ máa jókòó kí n máa wo títì. Mo rò pé yàrá ẹ̀yìn á gbà ọ́."

"Yàrá ẹ̀yìn kẹ̀? Màámi, ibẹ̀ ṣókùnkùn! Oníbàárà wo ló máa..."

"Ìyàwó mi, ṣé omi kù?"

Ìyàwó yẹ garawa wò. "Ó kù ìsàlẹ̀, mà."

"Mo gbà!" ni mo ké. "Yàrá ẹ̀yìn! Mo gbà! Ẹ pa á dé!"

"Wàá sì máa fọ àwo lálẹ́?"

"Àwo, ìkòkò, ilé ìdáná, ẹ ṣáà pa á dé!"

Màámi nàró pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ìpàdé ti parí," ó ní. "Ibí yìí dára o. Ẹ jẹ́ ká máa wá lọ́dọọdún."

Nígbà tí mo yọ síta, kọngílá ti dé. Ó dúró tòun ti bébà ṣọ́ọ̀bù tó ká lọ́wọ́, ó ń wo ẹ̀gbọ́n mi. Alága fi orí ehoro bo iwájú. Ó fi ọwọ́ kan di àgbọ̀n orí náà mú, ó fi ọwọ́ kejì di etí. Àwọn ọmọ yí wọn ká.

"Alága," ni kọngílá wí, "kí ni Màámi ní?"

Alága wò mí. Ó wo ehoro. Ó fa etí tó dì mú mọ́ra.

Ọkùnrin inú awọ onírun ló wá bá mi níkẹyìn, tòun ti orí ehoro lọ́wọ́, ojú rẹ̀ rí bíi ti gbogbo ẹni tí iṣẹ́ ti sú. Alága ti fa etí ehoro náà já pátápátá. Ó ní, "Wọ́n ní télọ̀ ni yín, mà."

Mo gba orí náà, mo bèèrè òwú funfun, mo jókòó ti ẹnu ọ̀nà, mo tú ìránkúràn dúdú yẹn dànù. Mo rán etí náà bó ṣe yẹ. Mi ò gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó wà ní hòtẹ́ẹ̀lì yẹn, ehoro nìkan ló ṣiṣẹ́ gidi.