Káàdì Bàbá Ọmọ Tuntun

Fọlọ́runṣọ́ kò fẹ́ràn ìbọn rárá, káàdì ló fẹ́ràn. Lọ́dún 1964, nínú àgọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ogun tuntun lẹ́yìn Ṣáṣá, ẹgbẹ̀rin káàdì ló wà nínú àpótí mẹ́fà, ẹnì kan sí káàdì kan: orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ tó ń kọ́, ibi tí wọ́n máa gbé e lọ, àti ẹni tí wọ́n máa kọ̀wé sí nílé rẹ̀. Orúkọ ni wọ́n fi tò wọ́n, láti A dé Y. Àwọn mẹ́fà ló ń kọ́ ìtọ́jú káàdì yìí, Fọlọ́runṣọ́ ló sì ń gbẹ́yìn nínú gbogbo ìdánwò. Kápítéènì Àyànlàjà, ọ̀gá tó ń kọ́ wọn, ti sọ fún un pé bó bá tún fìdí rẹmi lọ́jọ́ Jímọ̀, kòtò ni yóò lọ máa gbẹ́. Bẹ́ẹ̀ ó ti kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ pé òun ti di akọ̀wé ológun. Irọ́ ńlá!

Jímọ̀ pé. Kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Mùjíbátù ti Ìrókò dé, eruku bò ó lójú. Ó ní ìyàwó àbúrò ọkọ òun ti bímọ, ọ̀la ni ìkómọ, kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun pe bàbá ọmọ. Ọkọ̀ tó ń kó àwọn kan lọ sí Kàdúná sì máa gbéra láàárín wákàtí kan, ó ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀. Kápítéènì rẹ́rìn-ín, ó ní ìdánwò nìyẹn, ẹni tó bá rí káàdì ọkùnrin náà ló yege.

Kí lorúkọ rẹ̀? Mùjíbátù ní "Ìbàdíàrán" lòun ń pè é. Wọ́n ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ làwọn ń béèrè. Ó bá ọkùnrin náà nílé ọkọ ni, ìyàwó ilé wo ló máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórúkọ? Ti ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Èèwọ̀! Ni àwọn márùn-ún yòókù bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ sí i létí láti A, kó lè mi orí bí wọ́n bá ka ti ọkùnrin náà. Orúkọ tó fi Adé bẹ̀rẹ̀ nìkan lé ní ọgọ́rùn-ún.

Fọlọ́runṣọ́ lóṣòó tì í. "Ìyá ọmọ ńkọ́, mà? Ẹ lè pe ìyẹn?"

"Èmi ni mo ṣáájú rẹ̀ wọlé, kí ló dé tí n kò ní pè é? Ọmọ́wùnmí ni."

Fọlọ́runṣọ́ fò dìde. Ó ní kí kálukú gbé àpótí kan, kí wọ́n má wo orúkọ ológun rárá, ẹni tí wọ́n máa kọ̀wé sí ni kí wọ́n máa wò: Ọmọ́wùnmí, Ìrókò. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí káàdì fi jáde. Jìmí Fárìndé, Kàdúná! Fọlọ́runṣọ́ já a gbà, ó sáré, fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kò wẹ̀yìn. Ọkọ̀ ti ń kùn nígbà tó bá a.

Jìmí bọ́ sílẹ̀. Mùjíbátù kúnlẹ̀ nínú eruku kí i pé, "Ìbàdíàrán, ọkọ mi, ẹ kú ewu ọmọ." Jìmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Kápítéènì fún un ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta lójú ẹsẹ̀.

Àfi bí àríyànjiyàn ṣe bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tó yege. Inú àpótí Olúrẹ̀mí, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún yẹn, ni káàdì ti jáde, òun ló rí i. Kápítéènì ní òótọ́ ni, Olúrẹ̀mí yege. Inú Fọlọ́runṣọ́ bà jẹ́ débi pé kò lè gbójú sókè.

"Ìwọ Fọlọ́runṣọ́," ni Kápítéènì wí, "ìwọ kò ní ṣe ìdánwò mọ́. Láti Mọ́ńdè, ìwọ ni wàá máa kọ́ wọn."