Búrẹ́dì Tí Mo Fẹ́ Jẹ Tán

Ní abúlé wa lókè ìlú Boysun, bí èèyàn bá ń rìnrìn àjò, wọ́n á ní kó gé búrẹ́dì pẹlẹbẹ jẹ lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n á sì gbé ìyókù kọ́ sára ògiri. Ọjọ́ tó bá padà dé ni yóò jẹ ẹ́ tán. Ilé ìyá ẹni ni wọ́n ń gbé e kọ́ sí. Àmọ́ ti tíṣà? Ilé-ìwé ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ yọ́ lọ. Èmi Ergash, tíṣà ìṣirò, ti ríṣẹ́ nílùú ńlá Samarkand, nílé-ìwé tí gbogbo àga rẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rin pé. Mi ò ní padà wá mọ́. Tí mo bá sì gé búrẹ́dì, mo ti ṣèlérí nìyẹn.

Bí mo ṣe gba ẹ̀yìn ilé-ìwé kọjá láàárọ̀ pẹ̀lú àpò mi, ta ni mo rí lórí àkàbà? Ọ̀gá wa, Ìyá Zulhumor, tó ń fi amọ̀ lẹ òrùlé.

"Ergash! Ṣé o ti ń jalè ni, tó o fi ń gba ẹ̀yìn?"

"Ẹ káàárọ̀ mà. Mo... mo kàn fẹ́ wo ògiri ni."

"Tòun ti àpò aṣọ? Ṣé o fẹ́ sùn sọ́dọ̀ ògiri ni?"

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fà mí lápá aṣọ wọ yàrá àwọn tíṣà. Gbogbo wọn wà níbẹ̀, wọ́n ń mu tíì. Búrẹ́dì gbígbóná wà lórí tábìlì, wọ́n tì í sọ́dọ̀ mi kí n gé e.

"Eyín ń dùn mí," ni mo wí.

"Fi èrìgì gé e," Hamro, tíṣà ìtàn, dáhùn. "Ìyá mi àgbà ò ní eyín kankan, ó ń jẹ ẹran àgùntàn."

Ìyá Zulhumor jókòó. "Ọ̀gá ilé-ìwé Samarkand pè mí lánàá. Ó béèrè ìwà rẹ."

"Kí lẹ sọ?"

"Mo ní kò sí irú rẹ. Mo ní kí wọ́n fún ẹ ní kíláàsì tí oòrùn ń wọ̀, torí òtútù tètè ń mú ẹ."

Èpè ni mo ti múra sílẹ̀ fún, ẹ gbọ́! Inú bí mi. Mo wá ṣírò ọ̀rọ̀ náà: tí búrẹ́dì bá tán, kí ni yóò máa dúró dè mí? Mo gé e. Mo tún gé e. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ bí ẹṣin tó rí koríko.

Ẹnikẹ́ni ò dá mi dúró. Hamro bu tíì fún mi. "Rọra, kó má há ẹ lọ́fun."

Níbi tí mo ti ń jẹun ni mo gbójú sókè. Búrẹ́dì Qudrat, tíṣà físíìsì tí wọ́n mú lọ jagun ní Afghanistan kí wọ́n tó bí mi, wà lára ògiri. Kò padà. Búrẹ́dì náà ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Kò sẹ́ni tó ń pariwo lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo òrùlé wa ló ń jò, àfi apá ibẹ̀: ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń lẹ̀ lọ́dọọdún.

Fèrè bọ́ọ̀sì dún. Ẹnu mi kún. Ìyá Zulhumor sáré jáde tòun ti amọ̀ lọ́wọ́, ó dúró sáàárín títì.

"Dẹ́rẹ́bà, dúró! Tíṣà wa ṣì ń jẹun!"

Ta ló ń dá bọ́ọ̀sì dúró fún ẹni tó ń kọ̀ ọ́ sílẹ̀? Irú èèyàn wo rèé? Òkèlè tó kù lọ́wọ́ mi ò ju etí ọmọdé lọ, síbẹ̀ ó wúwo bí òkúta ọlọ. Mi ò lè gbé e dé ẹnu.

Mo jáde. "Dẹ́rẹ́bà, ẹ máa lọ."

"Wọ́n dá mi dúró torí ẹ, o wá ní kí n máa lọ? Orí ẹ pé báyìí?" Ó bú eyín mi, ó bú àpò mi, ó bú ìṣirò mi, títí bọ́ọ̀sì fi yí kọ́nà.

Mo kọjú sí Ìyá Zulhumor, mo ń retí kó dì mọ́ mi.

"Kí lò ń wò? Ṣé o ò gbọ́ ariwo kíláàsì keje ni?"