Ìgbòkun tí Àrìnpé Rán Mọ́ Ìró

Nígbà tí Àrìnpé dìde lórí ẹní, ìgbòkun dìde pẹ̀lú rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, aṣọ funfun ńlá náà wọ́ tẹ̀lé e. Ó yí padà, òun náà yí padà. Ó wolẹ̀, ó sì rí ohun tó ṣe: ó ti fi abẹ́rẹ́ gígùn àti òwú tó nípọn rán etí ìró ìdí rẹ̀ mọ́ ìgbòkun àwọn ará Ayétòrò. Ojú rírán náà gún régé. Bí ìjì bá jà, agbára káká ni yóò fi tú.

Olówòkéré, ọkọ rẹ̀, jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Kò tíì rí nǹkan kan. Láti àná tó ti ti Ẹ̀tìkàn dé, kò bá ìyàwó rẹ̀ sọ ju "hẹn" lọ.

Àrìnpé kì í ṣe ará Ayétòrò. Lọ́hùn-ún, wọ́n jọ ń rán aṣọ ni, wọ́n jọ ń kan ọkọ̀, wọ́n jọ ń jẹun, àpò kan náà sì ni gbogbo ìlú ní. Tirẹ̀ yàtọ̀. Inú ilé orí òpó, ní abúlé kékeré kan lójú omi, ló ti ń ránṣọ, ẹni tó bá sì ní iṣẹ́ ló ń wa ọkọ̀ wá bá a. Lọ́dún yìí, aṣọ ìdúpẹ́ ìjọ wọn kún ilé ìránṣọ Ayétòrò dé àjà, ni Rèbékà tó jẹ́ olórí àwọn aránṣọ ibẹ̀ bá gbé ìgbòkun ọkọ̀ tuntun wá fún un. Ó ní bí èyí bá tẹ́ àwọn lọ́rùn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ìgbòkun àwọn yóò máa wá. Àwọn yóò sì wá gbé e lónìí, kí omi tó fà.

Nítorí èyí ni Àrìnpé kò fi lè bá ọkọ rẹ̀ lọ síbi ìkómọ ọmọ àbúrò ọkọ náà ní Ẹ̀tìkàn lánàá. Àwọn ẹlẹ́fẹ̀ ibẹ̀ bi Olówòkéré pé, "Ṣé ìgbòkun lo gbé níyàwó ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun ò rẹ́rìn-ín. Bó ṣe gbé ojú wíwú bọ̀ wálé nìyẹn.

Òfin kan wà nínú ilé wọn, Àrìnpé ló ṣe é: a kì í jà níbi tí aṣọ iṣẹ́ bá wà. Ẹni tí inú ń bí, kó sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ òpó ilé, kí ẹnì kejì wá bá a níbẹ̀. Ọkọ̀ kékeré kò sì gba ìjàngbọ̀n. Bí o bá dìde láti nawọ́ síni lójú, inú omi lò ń lọ. Bí ẹnì kan bá fì sápá kan, àfi kí ẹnì kejì fì sápá kejì. Òfin náà dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n Olówòkéré kò jà lọ́tẹ̀ yìí, ó kàn dákẹ́ ni, òfin kò sì sọ ohunkóhun nípa ìdákẹ́.

Àrìnpé náà wá dákẹ́, ó ń rán, ó sì ń bá ọkọ rẹ̀ jà nínú ikùn. *Ṣé èmi ni mo ní kí wọ́n bímọ lásìkò iṣẹ́?* Abẹ́rẹ́ wọlé. *Ta ló ń jẹ nínú èrè ọwọ́ mi?* Abẹ́rẹ́ tún wọlé. Wọ́n ní ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ti Àrìnpé tiẹ̀ ti rán ẹsẹ̀ olúwa rẹ̀ mọ́ aṣọ.

Ó rọra fẹ́ jókòó padà kí ọkọ rẹ̀ má baà rí i. Aṣọ kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó ṣubú gbì, pákó ilé mì tìtì. Olówòkéré yíjú. Ó wo ìró, ó wo ìgbòkun, ó wo ìyàwó rẹ̀ láàárín méjèèjì. Èjìká rẹ̀ kọ́kọ́ ń gbọ̀n, ó di ẹnu mú, kò ràn án.

"Irọ́ ni wọ́n pa ní Ẹ̀tìkàn," ó ní, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ìgbòkun ló gbé ìwọ níyàwó!"

Àrìnpé fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn ún. Ìgbà tó wo ìta tó rí i pé omi ti kún dé ojú òpó, ó rántí pé ó kù díẹ̀ kó fà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú u. Wọ́n ti ń bọ̀."

"Ṣé ká má kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ lọ jà?"

"Uṣẹ́ ń dúró o! Òwú ni kí ẹ gé, ẹ má gé aṣọ!"

Ọkọ ń gé òwú, ìyàwó ń fà á yọ. Nígbà tó yọ tán, Olówòkéré di etí ìgbòkun mú kó le, Àrìnpé sì fi gbogbo ara rán èyí tó kù. Ó ń so òwú ìkẹyìn nígbà tí orin ìyìn dún lójú omi. Rèbékà àti Jákọ́bù ọkọ rẹ̀ ló dé.

Rèbékà fi ìka tọ gbogbo ojú rírán. Ó dúró níbì kan. "Kí ló lu ihò wọ̀nyí?"

Àrìnpé lè ní kòkòrò ló jẹ aṣọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà á gbọ́? "Ẹ má bínú, Ìyá. Ìró mi ni mo rán mọ́ ọn. Mò ń bá baba ilé jà nínú ikùn ni."

Rèbékà gbọ́wọ́ kúrò lórí ihò náà. "Èmi rán ọrùn ọwọ́ aṣọ Jákọ́bù pa lọ́jọ́ kan tí a jà."

"Àárín ìsìn ni mo ti mọ̀," ni Jákọ́bù wí. "Mo fẹ́ gbọ́wọ́ sókè yin Olúwa, ọwọ́ ò jáde!"

Gbogbo ilé gba ẹ̀rín. Rèbékà ní kí Àrìnpé fi òwú dí ojú ihò náà, kó sì máa retí ìgbòkun mìíràn lẹ́yìn ìdúpẹ́. Jákọ́bù ní àwọn yóò dán an wò lójú ọ̀nà. Wọ́n ta á, afẹ́fẹ́ òkun wọ inú rẹ̀, ọkọ̀ sì gbéra lọ wéréwéré bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè nílé.

Àrìnpé dúró lẹ́nu ọ̀nà, inú rẹ̀ ń dùn débi pé kò mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ sí. Olówòkéré dúró tì í, ó rí i pé ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìgbòkun náà.

"Ṣé ihò yẹn lo ṣì ń rò?"

"Rárá." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ọma àbúrò yín yẹn. Mi ò tíì bi yín lórúkọ rẹ̀."

"Ọlálẹ́yẹ," ni Olówòkéré wí kíá. Ó ti ń gbé orúkọ náà sẹ́nu láti àná, kò rí ẹni sọ ọ́ fún.