Ọkọ Mi Sùn Sínú Ilé Tí A Kò Tíì Rà

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó nà gbalaja sórí ilẹ̀ nínú ilé tí wọ́n fẹ́ tà, tó di ojú méjèèjì, tó ní kí ẹnikẹ́ni má mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má figbe ta. Ọkọ mi ni. Ilé ló ń yẹ̀ wò.

Iṣẹ́ òru ló ń ṣe. Búrẹ́dì tí ẹ ń jẹ láàárọ̀, ìgbà tí ẹ̀yin ń hanrun lọ́wọ́ ni òun ń pò ó. Ìgbà tí oòrùn bá yọ sí gbogbo ayé ni ilẹ̀ tirẹ̀ ń ṣú. Ṣùgbọ́n nínú yàrá tí a háyà láàárín ìlú, oorun kò gbà fún un. Á dùbúlẹ̀, á yí sọ́tùn-ún, á yí sósì, á dìde jókòó bí ẹni tí wọ́n pè. Tí mo bá bi í pé kí ló dé, á ní ariwo ni. Láìpẹ́ yìí ló tòògbé lẹ́nu ààrò, apá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ irin gbígbóná, awọ ibẹ̀ sì bó. Ọ̀gá rẹ̀ ní tí irú ẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, kó máa lọ sílé. Ìdí tí a fi ń wá ilé nìyẹn o. Kì í ṣe fáàrí. Kí baálé mi lè rí oorun sùn kí iná tó jó o pa.

Ẹ̀yìn ìlú ni ọwọ́ wa tó, níbi tí wọ́n to àwọn ilé kéékèèké sí lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí òrùlé gbogbo wọn pupa, tí igi tí wọ́n gbìn síwájú wọn kò tíì ga ju ọmọdé lọ. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọkọ mi ńkọ́? Ilé àkọ́kọ́, ó ní ajá ń gbó. Mo ní, "Ajá wo?" Ó ní ó wà ní òpópónà kejì. Ilé tó tẹ̀ lé e, ó ní agogo ilé ìwé máa dí òun lọ́wọ́. Òmíràn tó dára bí ẹ̀bùn, ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ títí, ó dìde, ó ní ẹ̀rọ omi ń kùn. Ẹ̀rọ omi tí wọn kò tíì tàn!

Alágbàtà tó ń mú wa kiri, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí bàtà rẹ̀ ń dán kódà nínú eruku, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ náà.

"Màmá, ẹ má bínú o. Ṣé ilé lẹ fẹ́ rà ni àbí ibojì? Torí irú ìdákẹ́jẹ́ tí Bàbá ń wá yìí, ibojì nìkan ló ní in."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ẹnu yín kò sunwọ̀n."

Ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, mo ní ọkùnrin yìí kò jẹ̀bi.

Nígbà tó yá, ó mú wa dé ilé kan tí wọ́n kọ́ mọ́ òmíràn, tí ògiri kan ṣoṣo pín wọn. Tọkọtaya kan ti jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ilé, wọ́n ń wò wá bí ẹni tó jókòó sórí àga wọn.

Alágbàtà ní, "Àwọn yẹn ti rí i, wọ́n sì fẹ́ ẹ. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ni mo fún láyè. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá jáde láìdáhùn, àwọn ni mo máa pè wọlé." Ó gbá ògiri náà lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ gbọ́! Gbọin-gbọin! Tí wọ́n bá ń jà lódì kejì, ẹ kò ní mọ̀." Ó fi wá sílẹ̀, ó lọ tu tọkọtaya náà nínú.

Ọkọ mi ti wọ yàrá ẹ̀yìn. Afẹ́fẹ́ ń gbá ilẹ̀kùn iwájú, mo bá tì í, mo yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

"Ta ló tilẹ̀kùn?" Ohùn rẹ̀ wá láti orí ilẹ̀.

"Èmi ni."

"Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà?"

"Ọwọ́ mi. Alágbàtà ní ẹyọ kan yìí ló wà. Ìwọ ṣáà lo ní ká má sọ̀rọ̀!"

Ó ní, "Hùn-ún."

Mo rìn yí ká. Ẹnu ẹ̀rọ ilé ìdáná kò jò. Fèrèsé kan wà níbẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé dáadáa, mo rí i pé ẹ̀rọ ìránṣọ mi máa gba abẹ́ rẹ̀. Ọkàn mi fà sí ilé náà débi pé àyà bẹ̀rẹ̀ sí í já mi, torí mo mọ̀ pé bí ọkọ mi bá dìde, á ní òun gbọ́ bí èèrà ṣe ń rìn. Mo bá kúnlẹ̀ sórí táìlì. Ìyá mi tó kọ́ mi ní ìwé ló kọ́ mi ní àdúrà, orí ẹní kan náà ni, kò sì kọ́ mi ní èyí tí wọ́n ń gbà jẹ́jẹ́.

"Ọba tó tẹ́ ilẹ̀ bí ẹní, tó ta ọ̀run bí aṣọ! Ìwọ tí oorun kì í kùn, fún ẹni tí oorun ń kùn ní oorun! Kó sùn fọnfọn nínú ilé yìí!"

"Àmín!"

Mo lajú. Èmi kọ́ ni mo ṣàmín.

"Kí ohunkóhun má lè jí i."

"Àmín, Bàbá!"

Ohùn ìyá àgbà kan ni, inú ògiri ló ti ń wá.

"Ta nìyẹn?"

"Ará ilé kejì ni. Má dá a dúró, ọmọ mi. Àdúrà náà ń wọ ọ̀dọ̀ tèmi."

"Ẹ kú ilé o, Màmá. Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi ni?"

"Bí ẹni pé orí ibùsùn mi lo jókòó sí. Ìgbà tí ọ̀bọ yẹn ń gbá ògiri, àwo mi kan jábọ́."

Ó parí! Gbọin-gbọin kọ́, páálí ni. Mo dìde, mo gba yàrá ẹ̀yìn lọ láti lọ gbọ́ "ṣé o ti rí i?" tí mo ti gbọ́ nínú gbogbo ilé tó kù.

Ẹnu ọkọ mi là sílẹ̀. Ó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta.

"Dìde." Kò mira. Mo mì í lẹ́jìká. Mo bọ́ sí kíkì, torí oríkì ni mo fi ń jí i lọ síbi iṣẹ́. "Dìde, ọkọ mi! Aláṣọ funfun tí kì í ṣe wòlíì, ìyẹ̀fun ló kùn ún! Apòyẹ̀fun-dòkè, ọ̀gá ààrò, ẹni tí àdúgbò ń jẹ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó bọ́jú!" Ó yí padà, ó kọjú sí ògiri.

Ìgbà náà ni mo rí bàtà rẹ̀. Ó ti bọ́ ọ. Ó ti tú bẹ́líìtì rẹ̀, ó ká a, ó fi í sínú bàtà. Ọkùnrin tó jẹ́ pé tòun ti ṣòkòtò, tòun ti bẹ́líìtì, ló ń dùbúlẹ̀ nílé, torí onílé wa tó ń gbé òkè wa, ẹni tí à ń pè ní Baba Kọ́kọ́rọ́, ní kọ́kọ́rọ́ yàrá gbogbo wa, kì í sì í kanlẹ̀kùn. Á kàn ṣílẹ̀kùn ni: ó wá wo àjà, ó wá wo páìpù, ó wá bi wá pé kí ló dé tí iná ń tàn lọ́sàn-án.

Ariwo! Ariwo kọ́! Ọkùnrin yìí ti mú mi la eruku gbogbo ẹ̀yìn ìlú kọjá, ó ń sọ̀rọ̀ ajá, ó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi, nígbà tó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ ẹlòmíràn ni etí rẹ̀ ń ṣọ́. Kò sì lè la ẹnu sọ bẹ́ẹ̀ fún èmi tí mo fẹ́ ẹ. Inú bí mi débi tí omi fi dà lójú mi.

Alágbàtà ń kanlẹ̀kùn. "Màmá! Àwọn èèyàn yìí fẹ́ wọlé o!"

Mo yọjú lójú fèrèsé. "Ẹ ní kí wọ́n máa lọ. A ti mú un."

"Bàbá ńkọ́? Kí ni wọ́n sọ?"

"Ẹ tẹ́tí, ẹ ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ."

Ó tẹ́tí, ó lanu. "Ó dáa, ẹ ṣílẹ̀kùn ká jọ parí ọ̀rọ̀."

"Ẹnikẹ́ni ò ní ṣí ilẹ̀kùn yìí títí wọ́n á fi jí."

Àfi gbì-gbì lára ògiri.

"Ọmọ mi! Ṣé bí ẹni yìí á ṣe máa hanrun lójoojúmọ́ nìyí?"

"Ọ̀sán nìkan ni o, Màmá. Lálẹ́, wọn kì í sí nílé."

"Ọ̀sán ni èmi náà ń sùn!"

"Ẹ má bínú, Màmá," ni mo wí, mo jókòó ti ọkọ mi lórí ilẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi. "Ẹ ti ṣàmín sí i."